Ogun Tán, Oorun Ò Wá

Ọ̀pọ̀ ọmọ ogun Amẹ́ríkà tó jà ní Ìráàkì àti Afghanistan ló gbà pé bí àwọn bá ti gba ìtọ́jú PTSD (ìdààmú ọkàn tó máa ń tẹ̀lé nǹkan burúkú téèyàn fojú rí) tán, oorun á kàn padà ni. Àlá burúkú máa ń dín kù lóòótọ́, àmọ́ àìróorunsùn sábà máa ń ṣẹ́ kù, torí ó ti mọ́ wọn lára. Ẹni tó bá sùn wọra lójú ogun lè má jí mọ́. Ó délé tán, ó ṣì ń dìde lóru lọ wo ilẹ̀kùn, ó sì ń tètè wọlé sùn kó lè rí oorun àná gbà padà. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ló ń ba nǹkan jẹ́ jù.

CBT-I, ìtọ́jú tó ń tún ìrònú àti àṣà oorun ẹni ṣe, ni VA (iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń bójú tó àwọn tó ti jagun rí) máa ń kọ́kọ́ dá lábàá, ṣáájú oògùn oorun. Kókó rẹ̀ ni dídín àkókò orí ibùsùn kù. Fún ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, ẹ máa kọ aago tí ẹ wọ ibùsùn, ìgbà tí oorun gbé yín lọ, iye ìgbà tí ẹ jí àti aago tí ẹ dìde. Ká ní ẹ wà lórí ibùsùn fún wákàtí 8 àbọ̀, tó jẹ́ pé 5 àbọ̀ péré lẹ sùn, ìdá 65 nínú 100 nìyẹn. Wákàtí 5 àbọ̀ náà ni wọ́n máa fún yín lórí ibùsùn. Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ jí ní aago 6 àárọ̀, ẹ ò ní fẹ̀yìn lélẹ̀ kí aago 12 àbọ̀ òru tó lù, ì báà jẹ́ ọjọ́ Sátidé. Wọn kì í sábà jẹ́ kó kéré sí wákàtí 5. Tí oorun yín bá gba ìdá 85 nínú 100 àkókò orí ibùsùn lọ́sẹ̀ kan, wọ́n á fi ìṣẹ́jú 15 kún àkókò náà.

Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ le gan-an, ibẹ̀ lọ̀pọ̀ ti ń sá. Ẹni tó ń wa ọkọ̀ ńlá, ẹni tó ní wárápá tàbí bipolar (àìsàn ọpọlọ tó ń gbé ìṣesí èèyàn sókè sódò) gbọ́dọ̀ sọ fún dókítà kó tó bẹ̀rẹ̀.

Bí oorun ò bá wá lẹ́yìn nǹkan bí ìṣẹ́jú 20, ẹ dìde, ẹ jókòó sórí àga. Kì í ṣe kẹ́ ẹ máa ṣọ́ ilé kiri o! Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lẹ máa wo kọ́kọ́rọ́, kẹ́ ẹ tó wọlé sùn. Ẹ má fi ìbọn sábẹ́ ìrọ̀rí: ẹni tó bá ta jí lójú àlá ogun lè má dá ìyàwó rẹ̀ mọ̀. Ọtí náà ńkọ́? Ó ń jẹ́ kí oorun tètè dé, àmọ́ ó ń fọ́ ọ lẹ́yìn ọ̀gànjọ́, ìgbà yẹn gan-an làlá máa ń pọ̀.

Ní ti àlá, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́sàn-án, ẹ yí ibi tó bá wù yín padà, kẹ́ ẹ sì máa fi ọkàn wo tuntun náà fún ìṣẹ́jú 10 sí 20 lójoojúmọ́. Ẹ má fi èyí tó burú jù bẹ̀rẹ̀. Prazosin, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí wọ́n tún ń lò fún àlá burúkú, ran àwọn kan lọ́wọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé nínú ìwádìí ńlá tí VA gbé jáde ní 2018, kò ṣiṣẹ́ ju oògùn aláìlágbára tí wọ́n fi wé e lọ. Ó tún lè mú kí òòyì kọ́ èèyàn tó bá dìde lójijì.

Ẹni tó ń hanrun, tí èémí rẹ̀ ń dá dúró lójú oorun, àyẹ̀wò ló kàn kó tó ṣe gbogbo èyí. Bí wọ́n bá fún un ní ẹ̀rọ CPAP, tó ń fẹ́ atẹ́gùn síni nímú lójú oorun, tí ìbòmú rẹ̀ sì ń bà á lẹ́rù, kó kọ́kọ́ máa wọ̀ ọ́ lọ́sàn-án nídìí tẹlifíṣọ̀n, láìtan ẹ̀rọ, títí ara rẹ̀ yóò fi gbà á.