Ẹ̀jẹ̀ sobo: ohun tí mo kọ́ nídìí fíìmù adẹ́rùbani ní Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fi fóònù àti kámẹ́rà kékeré ya fíìmù adẹ́rùbani kiri Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ ní kí n kọ ohun tí mo bá mọ̀ sílẹ̀ fún yín. Iṣẹ́ mékọ́ọ̀pù ni mo fi bẹ̀rẹ̀, kí n tó di ẹni tó ń jókòó sídìí kọ̀ǹpútà gé fíìmù. Torí náà, ẹ̀jẹ̀ ni mo kọ́kọ́ kọ́.

Ẹ̀jẹ̀ tiwa, sobo ni. Ẹ sè é títí tí yóò fi ki, ẹ po sítáàṣì díẹ̀ mọ́ ọn, ẹ wá fi àwọ̀ pupa táwọn oníkéèkì ń lò lé e. Bó bá pupa jù, á máa jọ ata lílọ̀. Ẹ bu Milo díẹ̀ sí i kó lè dúdú. Ẹ má fi ṣúgà sí i, àfi bẹ́ ẹ bá fẹ́ kí gbogbo èèrà Àpáké wá bá yín ṣeré.

Fíìmù kẹta tí mo bá wọn ṣe, olùdarí wa fẹ́ kí wọ́n fi àdá gé ọkùnrin kan sí wẹ́wẹ́. Ó ra ìfun ewúrẹ́ lọ́wọ́ alápatà láàárọ̀, jẹnẹrétọ̀ kọ̀ kò ṣiṣẹ́ títí di aago mẹ́ta ọ̀sán. Ẹ kúkú mọ bí ìfun ṣe ń rí ní aago mẹ́ta, nínú oṣù Kẹta. Òṣèré tó yẹ kó máa kú, èébì ló ń bì. Ìṣẹ́jú 4 gbáko ni ìran náà. Nígbà tá a gbé e hàn nínú gbọ̀ngàn kan ní Tákìé, àwọn èèyàn kọ́kọ́ ké "Yéè!", lẹ́yìn náà wọ́n dákẹ́. Nígbà tó fi máa di ìṣẹ́jú kẹta, ọmọkùnrin kan pariwo látẹ̀yìn pé, "Ìyá olóúnjẹ, ẹ bá wa fi ṣàkì kún un!" Ẹ̀rín sọ.

Ìran tó tẹ̀ lé e, a ò náwó sí i rárá. Ìyàwó ẹni tí wọ́n pa bu oúnjẹ sílẹ̀ dè é, ó fi àwo dé e, ó jókòó. Ọbẹ̀ ń tutù. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Màmá àgbà kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi mí kanlẹ̀, ó ní, "Ọmọ ọlọ́mọ ò tíì mọ̀."

Ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ bí wọ́n ṣe ń gé fíìmù ni ọ̀rọ̀ màmá yẹn tó yé mi. Ẹ wo Psycho tí Alfred Hitchcock ṣe lọ́dún 1960. Aláwọ̀ dúdú àti funfun ni, omi ṣokoléètì ni wọ́n fi ṣe ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣàn nínú ilé ìwẹ̀ tí wọ́n ti gún obìnrin kan lọ́bẹ. Ọjọ́ 7 ni wọ́n fi ya ibẹ̀, bẹ́ẹ̀ gígún yẹn fúnra rẹ̀ kò pé ìṣẹ́jú kan. Ẹ máa dá a dúró díẹ̀díẹ̀ kẹ́ ẹ wò ó: ọ̀bẹ ń lọ sókè sódò, omi ń dà, obìnrin ń ké, agbára káká lẹ máa fi rí ibi tí ọ̀bẹ ti kan ara. Ìró ọ̀bẹ tẹ́ ẹ ń gbọ́, èso mẹ́lọ̀n ni wọ́n ń gún. Láti ìgbà yẹn lèmi náà ti ń ra wọtamẹ́lọ̀n ní Sábó. Fún egungun tó ṣẹ́, ìrèké ló dáa jù. Kárọ́ọ̀tì náà ń ṣe é, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kéré.

Nínú The Texas Chain Saw Massacre tí Tobe Hooper gbé jáde lọ́dún 1974, wọ́n gbé ọmọbìnrin kan kọ́ sára ìkọ́ ẹran. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló lè búra pé àwọn rí bí ìkọ́ náà ṣe wọ̀ ọ́ lẹ́yìn. Wọn ò fi hàn. Orúkọ fíìmù yẹn le ju ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ lọ. Àwọn bàbá wa sì ti sọ ọ́ kí wọ́n tó bí Hooper: ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dénú rẹ̀, á di odidi. Ìlànà gígé fíìmù tó dáa jùyẹn lọ, mi ò tíì rí i.

Síbẹ̀, ẹ má gbà á gbọ́ pé ẹni tó bá ti fi ẹ̀jẹ̀ hàn kò mọṣẹ́. Ọ̀gá mi kan gbà bẹ́ẹ̀, àríyànjiyàn wa ò sì tíì parí. Audition ni mo fi ń já a, èyí tí Takashi Miike ṣe ní Jàpáànì lọ́dún 1999. Ọkùnrin kan tí ìyàwó rẹ̀ ti kú pe àwọn obìnrin jọ bí ẹni tó ń wá òṣèré, bẹ́ẹ̀ ìyàwó ló ń wá. Ó ń yẹ̀ wọ́n wò bí ẹni ń yan ewúrẹ́ lọ́jà. Ó ju ìdajì wákàtí lọ tẹ́ ẹ máa fi rò pé eré ìfẹ́ lẹ̀ ń wò. Nígbà tí ìyà tí ọ̀kan nínú wọn fi jẹ ẹ́ wá dé, ó burú débi pé èmi tí mo ń po ẹ̀jẹ̀ jẹun gbójú kúrò. Ṣùgbọ́n ìyà yẹn mọ ilé ẹni tó ń wá: ojú tó fi wo àwọn obìnrin yẹn ló padà wá bá a. Ẹ yọ ibẹ̀ kúrò, fíìmù náà á di irọ́. Ti ìṣẹ́jú 4 tiwa yẹn ńkọ́? Bí mo bá yọ ọ́, ewúrẹ́ nìkan ni yóò mọ̀.

Àbí ẹ wo ìlú tí a ń gbé. Orí tí wọ́n gé ló wà nínú orúkọ rẹ̀. Bí àwọn àgbà ṣe ń sọ ọ́, Ògúnlọlá ọdẹ wà lẹ́wọ̀n lọ́dọ̀ Aláàfin ní Ọ̀yọ́ Ilé nígbà tí jagunjagun kan tó ń jẹ́ Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ ń yọ ará ìlú lẹ́nu. Ó bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n jẹ́ kóun lọ kò ó lójú, ó ta á lọ́fà, ó gbé orí rẹ̀ wá fún ọba. Ògbórí-Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́, ló di Ògbómọ̀ṣọ́. Ọmọ ọdún márùn-ún ń gbọ́ ìtàn yìí, ó sì ń sùn. Ẹ fetí sí bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́: wọ́n á ro ti ẹ̀wọ̀n, wọ́n á ro ti ìpayà àwọn èèyàn títí, orí gígé, gbólóhùn kan péré. Mo ti ronú lórí gbólóhùn kan yẹn ju ohunkóhun tí wọ́n kọ́ mi nílé ìwé lọ.

Ohun tí mi ò ní bá yín dúnàádúrà lé lórí ni ẹran ààyè. Lọ́dún 1980, Ruggero Deodato ará Ítálì gbé Cannibal Holocaust jáde. Bí wọ́n ṣe ń pa èèyàn nínú rẹ̀ jọ òótọ́ débi pé ó dé ilé ẹjọ́, ó di dandan kó fi hàn pé àwọn òṣèré rẹ̀ ṣì wà láàyè. Iṣẹ́ ọwọ́ nìyẹn, ẹ lè kí i fún un. Ṣùgbọ́n àwọn ẹranko inú rẹ̀, wọ́n pa wọ́n lóòótọ́ níwájú kámẹ́rà. Kò sí iṣẹ́ ọwọ́ kankan nínú ìyẹn. Alápatà ń ṣe é lójoojúmọ́, kò sẹ́ni tó ń fún un ní àmì ẹ̀yẹ. Èmi náà ti wà ní lokéṣọ̀n tí wọ́n ti pa àkùkọ mẹ́ta nítorí ìran kan ṣoṣo, torí pé òṣèré ń gbàgbé ọ̀rọ̀ rẹ̀. Mo di abọ́ ẹ̀jẹ̀ mú, mo dúró, mi ò sọ nǹkan kan. Lálẹ́, a jẹ àwọn àkùkọ náà. Ọmọbìnrin ọmọ ọdún mẹ́jọ tó ń bá wa ṣeré ò jẹ níbẹ̀.

Ní ti oògùn owó, àjọ tó ń yẹ fíìmù wò lórílẹ̀-èdè yìí kéde lọ́dún 2024 pé òfin máa mú àwọn tó ń gbé e lárugẹ nínú fíìmù, àwọn kan nínú yín sì ti ń ráhùn. Ẹjọ́ tèmi yàtọ̀: ó ti sú wa ni. Láti ìgbà Living in Bondage lọ́dún 1992 ni wọ́n ti ń fi ìyàwó ṣoògùn owó lójú wa. Nígbà àkọ́kọ́, oorun ò kun àwọn òbí wa. Nísinsìnyí, bí ìkòkò oògùn bá ti ń hó, gúgúrú là ń nawọ́ sí.

Lọ́dún tó kọjá, fíìmù kan tún dé ọwọ́ mi, ìran àdá inú rẹ̀ gba ìṣẹ́jú 3. Mo gé e kù sí ìṣẹ́jú àáyá 11: àdá lókè, ilẹ̀kùn pa dé, ìró ìrèké, bàtà ẹsẹ̀ kan lẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tó ni fíìmù ní ibi tóun náwó sí jù ni mo gé dànù. Wọ́n ti gbé e hàn, ẹnì kankan ò béèrè ṣàkì. Ṣùgbọ́n 35,000 náírà mi ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, bí mo bá sì pè é, kì í gbé fóònù.