Àmì kan ò tó pe omi: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nídìí àlùmọ́nì Máàsì

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń ka jiọ́lọ́jì, tí ẹ ti ń wa dátà CRISM (ẹ̀rọ ojú sátẹ́láìtì NASA tó ń yí pílánẹ́ẹ̀tì Máàsì po) jáde láti fi wá ipa omi àtijọ́ níbẹ̀, ẹ kú iṣẹ́. Mi ò ní ṣàlàyé bí ìmọ́lẹ̀ oòrùn ṣe ń ta lára òkúta dé ojú sátẹ́láìtì. Ẹ ti mọ ìyẹn. Mo ń kọ èyí torí mo rí i pé ẹ ń gba ọ̀nà tó jẹ iṣẹ́ mi run.

Èkíní, ẹ má fi ìrísí ilẹ̀ ṣe ẹ̀rí. Nígbà tí Spirit, ọkọ̀ ìwádìí NASA, máa balẹ̀ sínú kòtò ràbàtà Gusev lórí Máàsì ní oṣù kìíní 2004, fọ́tò ti fi hàn pé ojú odò gbígbẹ ńlá kan, Ma'adim Vallis, já wọ inú rẹ̀. Ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ adágún ni wọ́n ń retí. Òkúta basalt, irú èyí tó ń ti inú òkè oníná wá, tó kún fún àlùmọ́nì olivine, ni wọ́n bá. Olivine kì í sì bá omi gbé pẹ́. Kíá ló máa ń yí padà di nǹkan mìíràn. Bó ṣe pọ̀ tó níbẹ̀ fi hàn pé láti ìgbà tí òkúta yẹn ti dì, omi kò fi bẹ́ẹ̀ kàn án. Ó di ìgbà tí Spirit gun Columbia Hills, àwọn òkè inú kòtò náà, kó tó rí goethite, àlùmọ́nì irin tí omi máa ń dá. Nítorí náà, kí ẹ tó wá àlùmọ́nì tí omi dá, ẹ kọ́kọ́ wá èyí tí omi ìbá ti bàjẹ́.

Èkejì, ẹ jẹ́ kí ẹ̀rí pọ̀. Ní oṣù yẹn kan náà, Opportunity, ìkejì Spirit, balẹ̀ sí pẹ̀tẹ́lẹ̀ Meridiani, níbi tí sátẹ́láìtì Mars Global Surveyor ti rí hematite aláwọ̀ eérú, àlùmọ́nì irin tí omi sábà máa ń dá, látòkè. Nílẹ̀, wọ́n bá hematite náà nínú àwọn hóró róbótó, mílímítà mélòó kan ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n há sínú òkúta. Ẹ̀rọ Mössbauer tí wọ́n ṣe ní Mainz, ní Jámánì, láti fi dá àlùmọ́nì onírin mọ̀, rí jarosite, àlùmọ́nì irin àti imí-ọjọ́ tí omi kíkan máa ń dá. Iyọ̀ imí-ọjọ́ kún inú òkúta náà, bí ìpele rẹ̀ sì ṣe dábùú ara wọn fi hàn pé omi ti ṣàn lórí rẹ̀ rí. Ẹ̀rọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ọ̀rọ̀ kan náà.

Ó yẹ kí ẹ̀kẹta tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ perchlorate, iyọ̀ kan tó máa ń fa omi mọ́ra, ló wà lọ́kàn mi.

Ní oṣù kẹsàn-án 2015, NASA kéde pé àwọn ìlà dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ tó máa ń gùn sí i lára gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè nígbà ooru, tí wọ́n sì ń parẹ́ nígbà òtútù, ní iyọ̀ perchlorate tó di omi mọ́ra. Ẹ̀rí wọn ni àmì tí CRISM rí níbi tí gígùn ìgbì ìmọ́lẹ̀ ti wà ní àyíká 1.9 àti 2.1 máíkírómítà. Kò ṣòro láti gbà gbọ́, torí Phoenix, ẹ̀rọ NASA mìíràn tó balẹ̀ síbẹ̀, ti bu erùpẹ̀ ìhà àríwá Máàsì sínú omi ní 2008, ó sì rí perchlorate nínú rẹ̀ lóòótọ́.

Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń darí iṣẹ́ mi nígbà náà ní kí n lọ wá irú rẹ̀ lára ògiri àwọn kòtò mìíràn. Mo rí i. Mo tilẹ̀ rí i jù. Píksẹ́lì (ẹyọ kékeré inú fọ́tò) kan níbí, méjì lọ́hùn-ún, kò sí èyí tó tẹ̀ lé ìpele òkúta kankan. Ọ̀pọ̀ wọn wà létí òjìji, níbi tí ilẹ̀ tó mọ́lẹ̀ ti pàdé ilẹ̀ dúdú. Mo lọ bá ọ̀gá, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé a lè wo dátà yìí bó ṣe wà kí kọ̀ǹpútà tó fọ̀ ọ́, kó tó yọ ariwo inú rẹ̀ kúrò?" Wọ́n ní àwọn tó ṣe ètò ìfọ̀mọ́ náà mọ iṣẹ́ wọn, kí n lọ kọ orí ìwé mi. Mo lọ kọ ọ́.

Ní 2017, ìwádìí fi hàn pé ibi tí yanrìn gbígbẹ máa ń dúró sí ni àwọn ìlà dúdú náà ń dúró sí. Ní 2018, Ellen Leask àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Caltech wá fi hàn pé ẹ̀rọ náà àti ètò ìfọ̀mọ́ rẹ̀ lè ṣẹ̀dá àmì 2.1 níbi tí perchlorate kò sí rárá. Orí ìwé mi wọgbó. Kì í ṣe ìyẹn ló dùn mí jù. Nígbà tí àwọn èèyàn bi ọ̀gá léèrè ní ìpàdé, ọ̀gá ní akẹ́kọ̀ọ́ ló ṣe apá yẹn, kò yẹ dátà wò dáadáa. Èmi tí mo béèrè! Ó ṣì ń dùn mí títí dòní.

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹ ṣí fọ́tò tí a kò tíì fọ̀. Ẹ mú píksẹ́lì tí kò ní àmì kankan láti inú òpó píksẹ́lì kan náà nínú fọ́tò, kí ẹ fi iye ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ pín iye ti píksẹ́lì yín. Bí àmì yín bá wà nínú èyí tí a fọ̀, tí kò sí nínú èyí tí a kò fọ̀, ẹ pa á tì. Orí ìwé tó kù mí kù dá lórí amọ̀: àmì 1.4, 1.9 àti 2.3 máíkírómítà pé síbẹ̀, wọ́n sì tẹ̀ lé ìpele òkúta kan ṣoṣo láti etí fọ́tò dé etí kejì. Àwọn olùdánwò yẹ ẹ́ wò lọ́tùn-ún lósì, kò mì.

Ẹ má sì tìtorí ìyẹn sáré kọ "kò sí." Ní oṣù kejì 2013, Curiosity, ọkọ̀ ìwádìí NASA mìíràn, lu ihò sínú òkúta tí wọ́n pè ní John Klein nínú kòtò Gale. Ojú òkúta náà pupa, ṣùgbọ́n àwọ̀ eérú ni ìyẹ̀fun tó ti inú rẹ̀ jáde. Nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún rẹ̀ jẹ́ amọ̀ tí omi tí kò kan, tí iyọ̀ rẹ̀ kò sì pọ̀, dá. Sátẹ́láìtì kò rí amọ̀ yẹn látòkè.

Bí ọ̀gá yín bá sì ní kí ẹ máa kọ lọ, ẹ fi ìbéèrè yín ránṣẹ́ sí wọn lórí ímeèlì, pẹ̀lú nọ́ńbà fọ́tò àti ti píksẹ́lì, kí ẹ sì tọ́jú èsì tí wọ́n bá fún yín.