Ilẹ̀kùn tí kòkòrò ibà là

Ní Samaru tí mò ń gbé ní Zaria, aago méjì òru ni iṣẹ́ mi máa ń bẹ̀rẹ̀, nígbà tí jẹnẹrétọ̀ àwọn aládùúgbò bá ti dákẹ́. Màámi bi mí láti Ògbómọ̀ṣọ́ pé ṣé kò sí iṣẹ́ ọ̀sán ńbẹ̀ ni. Ó wà, Màámi. Ṣùgbọ́n iná ilé ń lọ, ó ń bọ̀ ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, ariwo rẹ̀ sì ń bo ohun tí mò ń tẹ́tí sí: iná mànàmáná bíńtín tó ń gba ara awọ sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ kọjá. Kí ariwo náà má baà wọlé, mo fi nẹ́ẹ̀tì bàbà ṣe àgò yí màíkírósíkóòpù mi ká, bátìrì ni mo sì ń lò.

Àwọn ará Jámánì méjì, Erwin Neher àti Bert Sakmann, ló kọ́kọ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí ní 1976. Wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀ ní 1991. À ń fi ooru yọ́ ọ̀pá gíláàsì oníhò, à ń fà á títí ẹnu rẹ̀ yóò fi tó nǹkan bí ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà. A ó gbé e lé awọ sẹ́ẹ̀lì, a ó rọra fa afẹ́fẹ́, awọ náà á sì lẹ̀ mọ́ ọn pinpin. Bó bá lẹ̀, iná ò ní ríbi gbà mọ́ àyàfi ẹnu ọ̀nà tó wà lára awọ náà. Eruku ọyẹ́ ló ń bà á jẹ́ fún mi. Bíńtín rẹ̀ lẹ́nu gíláàsì, awọ ò ní lẹ̀. Lóṣù Ṣẹ́rẹ́, ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko ni mi ò rí ẹyọ kan ṣe.

Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa tí ara rẹ̀ dá kì í jẹ́ kí iná kọjá tó bẹ́ẹ̀. Ní 2000, Sanjay Desai àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà fi hàn pé bí kòkòrò ibà bá ti wọ inú rẹ̀, iná tó ń gba ara awọ rẹ̀ kọjá lè fi ìgbà 150 ju ti tẹ́lẹ̀. Àlejò ló la ilẹ̀kùn sára ilé onílé, kí oúnjẹ lè máa wọlé fún un! Sorbitol, nǹkan dídùn kan bíi ṣúgà, pàápàá ń gba ibẹ̀ wọlé: sẹ́ẹ̀lì tí kòkòrò inú rẹ̀ ti dàgbà á mu ún, á wú, á bẹ́. Èyí tí tirẹ̀ ṣì kéré kì í bẹ́, nítorí ilẹ̀kùn ò tíì sí.

Oògùn tó lè ti ilẹ̀kùn yẹn pa ni mò ń wá. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni ibà dá ọmọ ẹ̀gbọ́n mi dùbúlẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni.

Lóru àná, awọ lẹ̀. Mo ti fi kún iyọ̀ omi tí sẹ́ẹ̀lì wà nínú rẹ̀ kí ìṣàn iná lè hàn. Kí ládáànì tó pe ìrun àárọ̀, ìlà ojú kọ̀ǹpútà já wálẹ̀, ó dúró díẹ̀, ó padà sókè. Ilẹ̀kùn kan ṣí, ó tì. Mo pe Màámi, mo ní kí wọ́n jí.