Ilẹ̀ tèmi ni, ṣùgbọ́n wọn ò jẹ́ kí n yan búrẹ́dì níbẹ̀

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni. Mo gbé ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín lọ fún àwọn bíríkìlà mi ní Ganmo, ọkàn mi sì ti balẹ̀ pé wọn á ti mọ ògiri dé ojú fèrèsé. Bí mo ṣe sọ̀ lórí ọ̀kadà báyìí, mo rí wọn tí wọ́n tò sórí búlọ́ọ̀kù bí ẹni tó ń retí mọ́tò. Sìmẹ́ǹtì tí wọ́n ti pò ti ń gan mọ́lẹ̀. Wọ́n ti fi ọ̀dà pupa kọ STOP WORK gàdàgbà sára ògiri, ọ̀dà náà ò tíì gbẹ, ó ń ṣàn lẹ́sẹ̀ lẹ́tà K wálẹ̀ sórí yanrìn. Mo kọ́kọ́ rò pé àwọn ọmọ onílẹ̀ ni. Ọ̀gá bíríkìlà ní, "Rárá o, Alájà, táùn pílánìn ni, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ètò ìlú. Wọ́n fi téèpù wọn ilẹ̀ láti gọ́tà dé ìpìlẹ̀, wọ́n wá bi wá pé kí la fẹ́ fi ilé yìí ṣe. Mo ní bẹ́kẹ́rì ni. Bí mo ṣe sọ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n gbé ọ̀dà jáde."

Ọdún méje gbáko ni mo fi yan búrẹ́dì nínú ilé tí mo rẹ́ǹtì nínú Ìlọrin. Onílé fowó kún owó lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ọdún méjì. Mo dá àjọ, mo yáwó kún un lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, mo ra pílọ́ọ̀tì kan, ẹsẹ̀ bàtà 50 sí 100, nínú layout tuntun kan, ìyẹn ilẹ̀ ńlá tí wọ́n ti pín sí pílọ́ọ̀tì lórí máàpù. Ajẹ́ńtì tó mú mi lọ fọwọ́ sọ̀yà: "Ìyá, ilẹ̀ yìí mọ́ kedere. Ohun tó bá wù yín ni kẹ́ ẹ kọ́ sí i."

Ẹ má rò pé mo kánjú o. Mo lọ bá mọ́gàjí àti àwọn àgbà ẹbí tó ni ilẹ̀, gbogbo wọn fọwọ́ síwèé. Mo mú awọnlẹ̀ tó ní ìwé àṣẹ lọ, ó bá mi wò ó bóyá ìjọba ti gbẹ́sẹ̀ lé ibẹ̀, ó ní rárá. Lọ́yà ló kọ ìwé àdéhùn. Ta ló nilẹ̀? Mo bèèrè ìyẹn dójú àmì, nítorí òun ni gbogbo èèyàn fi ń dẹ́rù bani. Kí ni wọ́n ní kí ilẹ̀ náà wà fún? Mi ò bèèrè. Mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé ìbéèrè kan wà tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì tí wọ́n kọ STOP WORK, mo gba ọ́fíìsì àwọn táùn pílánìn lọ. Inú ń bí mi, mo ti to èébú sẹ́nu. Ọmọbìnrin kan tí kò lè ju àkọ́bí mi lọ ló dá mi lóhùn. "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó, ẹ jẹ́ kí n fún yín lómi." Èébú bá há sí mi lọ́fun. Ó tẹ́ máàpù layout náà sórí tábìlì, ó fi agolo mílíìkì tẹ igun rẹ̀ kan mọ́lẹ̀ kó má baà ká padà, ó ní kí n fọwọ́ kan ibi tí ilẹ̀ mi wà. Mo wá a títí. Nígbà tí mo rí i, yẹ́lò ni wọ́n kùn ún, àti òun àti gbogbo ohun tó yí i ká. Ibi tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ṣọ́ọ̀bù wà lẹ́bàá títì, àwọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀. Ibi tí wọ́n fi sílẹ̀ fún pápá àwọn ọmọdé jẹ́ àwọ̀ ewé. Ó ní, "Yẹ́lò yìí, ilé gbígbé nìkan ni."

Mo ní, ṣé búrẹ́dì náà ló wá di fákítìrì? Kò jiyàn. Ó kàn ń bi mí ní ìbéèrè ni. Aago mélòó lẹ ń dáná sí ààrò? Mo ní aago kan òru. Igi tàbí gáàsì? Igi. Jẹnẹrétọ̀ ńkọ́? Ó wà, ńlá ni. Ọkọ̀ mélòó ló ń wá gbé búrẹ́dì kí ilẹ̀ tó mọ́? Mẹ́rin, nígbà míì márùn-ún. Àwọn òṣìṣẹ́ tó ń sùn síbẹ̀? Mo ń dáhùn, mo sì ń gbọ́ ohùn ara mi. Kí n tó dé orí ọkọ̀ tó ń já ìyẹ̀fun, mo ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Ó ní tí mo bá fẹ́ ṣọ́ọ̀bù kékeré tí màá ti máa ta búrẹ́dì, mo lè kọ̀wé béèrè, wọ́n á wò ó. Yíyan rẹ̀ ni kò ṣeé ṣe níbẹ̀.

Ọmọbìnrin ọ́fíìsì yẹn ló là mí lọ́yẹ̀ nípa ohun tí lọ́yà mi ò sọ. Òfin ilẹ̀ tí wọ́n ṣe ní 1978 ti fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà kó máa bójú tó o fún ará ìlú. Ohun tí àwa ń rà, ẹ̀tọ́ láti lo ilẹ̀ náà ni. C of O, ìwé ẹ̀rí ẹ̀tọ́ láti lo ilẹ̀ tí gbogbo èèyàn ń lé kiri, tó máa ń jẹ́ ọdún 99 lọ́pọ̀ ìgbà, wọ́n kọ ohun tí wọ́n fún ẹ ní ilẹ̀ náà fún sínú rẹ̀. Mo mọ àwọn tó ti fi tiwọn sínú àpótí irin láti ọjọ́ yìí, tí wọn ò kà á kọjá ibi tí orúkọ wọn wà.

Àbúrò mi tó wà l'Ékòó gbọ́, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi oríṣiríṣi nǹkan ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, ìwé báyìí, owó báyìí, ọjọ́ báyìí. Ọ̀rọ̀ Èkó ni gbogbo rẹ̀. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ti dájọ́ ní 2003 pé ìjọba ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ni ọ̀rọ̀ ètò ìlú tirẹ̀, Àbújá nìkan ló yàtọ̀. Nítorí náà, Kwara ni kí ará Kwara ti lọ bèèrè. Ohun mìíràn tún wà: ilé ti so Ganmo pọ̀ mọ́ Ìlọrin débi pé èèyàn ò ní mọ ibi tí ọ̀kan parí sí, ṣùgbọ́n abẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn ni Ganmo wà, Share lọ́hùn-ún sì ni olú ìlú rẹ̀. Odindi ọjọ́ kan ni mo fi jókòó sí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ tí ọ̀rọ̀ mi ò kàn rárá.

Ẹni tó pe àwọn táùn pílánìn lé mi lórí, òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi. Alfa kan ni, ilé rẹ̀ ni ó kángun sí tèmi. Ó dúró sẹ́nu géètì, ó ní, "Alájà, ẹ má bínú. Ọmọ mi obìnrin ní ikọ́ fée. Kí n tó ra ilẹ̀ yìí, mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n máa jẹ́ kí wọ́n kọ́ síbí, wọ́n ní ilé gbígbé." Mo fẹ́ bínú sí i, mi ò rí i bí. Òun ti bèèrè ohun tí èmi ò bèèrè. Tó bá jẹ́ pé èmi ni mo ra ilẹ̀ síbẹ̀ láti sinmi, tí ẹnì kan wá ń dáná igi lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé mi láago kan òru, ọ̀dà nìkan kọ́ ni màá fi lé e.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń wo ilẹ̀ pẹ̀lú ojú mìíràn. Ẹ wo títì ìjọba àpapọ̀ tó gba Ganmo lọ sí Àjàṣẹ́-Ìpo. Mítà 45.72 láti àárín títì, lọ́tùn-ún àti lósì, ni wọ́n kà sí ti ọ̀nà. Ẹsẹ̀ bàtà 150 nìyẹn. Èèyàn tó ra pílọ́ọ̀tì tó jìn ní ẹsẹ̀ bàtà 100, tí iwájú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 50 sí àárín títì, ọ̀nà ló ra láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ẹ wo wáyà ńlá tó ń gbé iná bọ̀ láti Jẹ́bà wá sí Ganmo, tó tún gba ibẹ̀ lọ sí Òṣogbo: 330 kV ni agbára iná rẹ̀, mítà 50 sì ni fífẹ̀ ilẹ̀ tí wọn ò gbà kí ẹnikẹ́ni kọ́lé sí lábẹ́ rẹ̀. Ajẹ́ńtì á ní ẹ gbin ẹ̀gẹ́ síbẹ̀ ná. Ẹ̀gẹ́ kọ́ lẹ torí ẹ̀ dá àjọ. Ti etí odò Asà, ẹ̀ báà ṣe àlejò ní Ìlọrin, ẹ dúró di ìgbà òjò kẹ́ ẹ lọ wò ó fúnra yín.

Ní tèmi, mo ní kí ayàwòrán-ilé tún pílánì yẹn yà. Ó di ilé oníyàrá mẹ́ta, pẹ̀lú ṣọ́ọ̀bù kékeré níwájú, ìwé tí mo kọ fún ṣọ́ọ̀bù náà pẹ́ kí wọ́n tó dáhùn. Ìpìlẹ̀ ààrò tí a ti gbẹ́, a dí i padà. Owó ìyẹn lọ bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú owó búlọ́ọ̀kù tí òjò lù. Ìtanràn tí wọ́n bù fún mi, báńkì ni mo ti san án, mo gba rìsíìtì. Ẹnì kan nínú àwọn tó wá wọnlẹ̀ ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé òun lè bá mi "yanjú ẹ̀" lábẹ́lẹ̀. Ó wù mí gan-an, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n mo rò ó pé tẹ́nì kan bá fi ọ̀dà kùn ún lọ́dún yìí, tí mo fi owó nù ún kúrò, ẹlòmíràn á tún gbé ọ̀dà tirẹ̀ wá lọ́dún tó ń bọ̀.

Bẹ́kẹ́rì wà níbòmíràn báyìí, láàárín àwọn wẹ́dà àti àwọn oníbúlọ́ọ̀kù, níbi tí ariwo tiwọn ti bo ariwo tèmi mọ́lẹ̀. Kí n tó san kọ́bọ̀ fún ibẹ̀, mo kọ̀wé lọ béèrè bóyá wọ́n gba bẹ́kẹ́rì láyè níbẹ̀, mo sì dúró di ìgbà tí wọ́n kọ èsì sórí ìwé. Ẹnu lásán kò tó. Ẹni tó sọ ọ́ lẹ́nu lónìí lè ti lọ sí ọ́fíìsì mìíràn kẹ́ ẹ tó gbé ìpìlẹ̀. Ìwé àṣẹ ìkọ́lé náà, ẹ gbà á kí ẹ tó gbẹ́ ìpìlẹ̀, kì í ṣe ìgbà tí ògiri bá ti dé ojú fèrèsé.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi pè mí láti Ọ̀fà. Ó ti rí ilẹ̀ kan tó fẹ́ fi ṣe ibi ìfọmọ́tò àti ilé oúnjẹ, ajẹ́ńtì ní kó san ìdajì owó lọ́jọ́ Ẹtì. Mo ní kí ni wọ́n kùn ún lórí layout. Ó ní, "Ẹ̀ẹ̀n? Kùn ún báwo, Àǹtí?" Mo ní kó fi owó rẹ̀ sílẹ̀ ní báńkì títí di ọjọ́ Ajé, kó kọ́kọ́ lọ wo máàpù.