Kò Ní Pẹ́ Nídìí Ẹ̀

Òjò rọ̀ láàárọ̀, wọ́n mú iná lọ lọ́sàn-án, a tan jẹnẹrétọ̀, mo jó ìwọ̀nba irin tí mo rí jó pọ̀ níbi tí mo ti ń kọ́ iṣẹ́ wẹ́dà, mo wọ mọ́tò ní Kẹtu, mo délé. Ọjọ́ òní náà nìyẹn. Ọ̀rọ̀ kan ni kò jẹ́ kí n lè sùn.

Ọ̀gá wa tó ń kọ́ wa níṣẹ́ ló sọ ọ́, kì í sì í ṣe èmi ni wọ́n sọ ọ́ fún. Wọn ò tiẹ̀ mọ̀ pé mo wà níbẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́yìn páànù tí wọ́n fi pààlà sáàárín wa, mo ń fi búrọ́ọ̀ṣì onírin nu ojú iṣẹ́ mi, ni ọ̀gá tó ń kọ́ àwọn tó ń ṣe mọ́tò bá yà sọ́dọ̀ wọn. Ó ní, "Ọmọbìnrin yẹn ńkọ́?" Ọ̀gá wa ní, "Ọwọ́ ẹ̀ dáa. Àmọ́ kò ní pẹ́ nídìí ẹ̀." Ni wọ́n bá gba ọ̀nà ọ́fíìsì lọ.

Kò ní pẹ́ nídìí ẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń bá mi bọ̀ látẹ̀yìn mọ ọ̀gá wa. Ẹ mọ̀ pé wọn kì í yin èèyàn. Nítorí náà, "ọwọ́ ẹ̀ dáa" láti ẹnu wọn tó ohun tí èèyàn ń fi ṣe sàráà. Ṣé ẹ rí i pé ìyẹn kọ́ ni mo gbé wálé. Gbólóhùn kejì ni mo gbé wálé. Mo gbé e wọ mọ́tò, mo gbé e jẹun, ó wà lórí ibùsùn pẹ̀lú mi báyìí.

Kí ni wọ́n rí?

Bó bá jẹ́ nítorí pé mo jẹ́ obìnrin ni, mo ti gbọ́ irú ẹ̀ rí, kò tuntun létí mi. Màmá Ìsàlẹ̀ ń sọ ọ́ lójoojúmọ́: bí mo bá lọ́kọ ńkọ́, bí mo bá lóyún ńkọ́, ta ló máa jẹ́ kí ìyàwó òun máa gun àkàbà ká. Ti Màmá Ìsàlẹ̀ kì í dùn mí. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ń sọ ọ́, wọn ò sì mọ ohunkóhun nípa irin. Ọ̀gá wa mọ irin. Ohun tí ẹni tó mọ nǹkan bá sọ nípa nǹkan ọ̀hún, ibòmíì ló máa ń wọ̀ lára èèyàn.

Mi ò bínú o. Mo kàn ń rò ó ni.

Irọ́ ni, inú ń bí mi. Nítorí mo mọ ohun tó ná mi kí wọ́n tó lè pe ọwọ́ yìí ní ọwọ́ tó dáa. Àwọn tó ń kọjá lójú títì, iná tó ń ṣẹ́ yẹ́rẹ́yẹ́rẹ́ nìkan ni wọ́n ń rí. Wọn ò mọ̀ pé bí ẹlẹ́tíródù, ọ̀pá irin tín-ínrín tó ń yọ́ sójú iṣẹ́, ṣe ń jó ló ń kúrú, ọwọ́ sì gbọ́dọ̀ máa sọ̀ kalẹ̀ tẹ̀lé e láìdúró, kí àlàfo tó wà láàárín ẹnu rẹ̀ àti irin má ju bí okùn irin inú rẹ̀ ṣe nípọn tó. Bó bá jìnnà jù, iná á fọ́n káàkiri, ihò á kún inú ojú ìjó, ibi tí irin méjèèjì ti so pọ̀. Bó bá sún mọ́ ọn jù, á lẹ̀ mọ́ ọn. Inú òkùnkùn ni gbogbo ẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀, lẹ́yìn gíláàsì dúdú nọ́ńbà 11 tó wà lójú ìbòjú, tí èèyàn ò rí nǹkan kan àyàfi irin tó ti yọ́. Etí ni mo kọ́kọ́ fi mọ̀ ọ́n kí ojú tó mọ̀ ọ́n: bí ó bá dún bí àkàrà tó wà nínú epo gbígbóná, tí dídún náà ò já, ọwọ́ ti bọ́ sí i nìyẹn. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ kó dún bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, tí mo fi òòlù kan ìdàrọ́ orí ẹ̀, tó ṣí kúrò lódindi, tí ojú ìjó abẹ́ ẹ̀ tò tẹ̀ léra wọn dọ́gba, mi ò lè ṣàlàyé bó ṣe rí lára mi. Mo dúró, mo ń wò ó. Èmi ni mo ṣe é.

Ẹni tó ní irú ìyẹn nínú, báwo ni kò ṣe ní pẹ́ nídìí ẹ̀?

Àbí ara ni wọ́n ń sọ? Mo rò ó dáadáa nínú mọ́tò. Iṣẹ́ yìí ń jẹ ara. Ojú nìkan ti tó: bí ìtànṣán iná yẹn bá wọlé sí ojú tí kò ní ìbòjú, kò ní dun èèyàn lójú ẹsẹ̀. Á jẹ́ kó délé, kó jẹun, kó sùn. Òru ló máa jí i, tí ojú á máa ta, tí omi á máa dà, tí kò ní lè la ojú sí iná. Èéfín tún wà ńbẹ̀. Àwọn páípù tí wọ́n fi síńkì bò yẹn, bí èèyàn bá jó wọn nínú yàrá tí atẹ́gùn ò ti wọlé, ibà lílágbára ló máa gbé e lálẹ́, òtútù á máa mú un, ara á máa ro ó. Gbogbo èèyàn ní kí a máa mu mílíìkì lé e. Mílíìkì ò lè wọ inú ẹ̀dọ̀fóró lọ kó èéfín jáde, ikùn ló ń lọ. Mo ti sọ ọ́ fún Bọ̀dá Olówódé, àgbà wẹ́dà kan ní Òwódé Onírin, títí, wọ́n ṣì ń ra mílíìkì alágolo wọn. Ohun tí yóò gbani ni kí a fá síńkì ojú ibi tí a fẹ́ jó kúrò, kí a ṣílẹ̀kùn, kí a má sì forí lé èéfín.

Bọ̀dá Olówódé gan-an ti pẹ́ nídìí ẹ̀. Wọn ò kàwé ẹ̀ níbì kankan. Ní Òwódé Onírin ni wọ́n dàgbà sí, láàárín àwọn tó ń ta áńgù áyọ̀n àti àwọn tó ń tú ògbólógbòó mọ́tò palẹ̀. Èmi mọ̀ pé 60 tó wà lára E6013, orúkọ irú ẹlẹ́tíródù kan, ń sọ pé irin tó bá ti ẹnu ẹ̀ jáde gbọ́dọ̀ lè fara da ìfà 60,000 pọ́n-ùn lórí ínǹṣì kan níbùú lóòró, mo sì mọ̀ pé 1 tó tẹ̀ lé e ń sọ pé ipòkípò ni a lè fi jó o. Bọ̀dá ò mọ ìyẹn. "Géèjì 12", ìyẹn bó ṣe nípọn tó, ni wọ́n ń pè é, ó parí. Ṣùgbọ́n kí wọ́n wo géètì kan lókèèrè, wọ́n á sọ ibi tó ti máa kọ́kọ́ já. Ọjọ́ Sátidé tí mo bá lọ síbẹ̀, ọwọ́ ni wọ́n fi ń bo ojú wọn bí wọ́n bá ń ta irin mọ́ra, wọn kì í wá ìbòjú. Ojú wọn ti pọ́n tipẹ́. Bí wọ́n bá fẹ́ wo fóònù, wọ́n á nà án jìnnà sí ara wọn, wọ́n á tún gbé e fún ọmọ iṣẹ́ kó kà á fún wọn.

Bó bá jẹ́ pé pípẹ́ nídìí ẹ̀ nìyẹn...

Mi ò mọ̀.

Ohun kan tún sọ sí mi lọ́kàn nígbà tí mo ń fọ aṣọ iṣẹ́ mi. Ọ̀gá wa fúnra wọn, ṣé wọ́n pẹ́ nídìí ẹ̀? Iṣẹ́ páípù epo ni wọ́n ṣe lápá Warri kí wọ́n tó wá máa kọ́ wa. 6G ni wọ́n ń jó, èyí tí wọ́n máa ń dá páípù dúró ní ìdagun dígírì 45, tí kò ní yí, tí èèyàn fúnra ẹ̀ ló máa yí i ká, tí á jó o lókè, tí á jó o lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí á tún wọ abẹ́ ẹ̀ jó o. Ẹni tó bá yege ìyẹn, kò sí ibi tí wọn ò lè gbé e lọ. Ibẹ̀ ni wọ́n wà, wọ́n sì fi í sílẹ̀. Wọn ò sọ ìdí ẹ̀ fún wa rí. Mo kàn ti kíyè sí i pé wọn kì í mú ìbòjú mọ́ àyàfi bó bá pọn dandan, àti pé bí wọ́n bá fẹ́ fi bí a ṣe ń ṣe é hàn wá, tí wọ́n bá di ẹlẹ́tíródù mú, ojú wọn máa ń yí padà. Wọn á jó o kọjá ibi tó yẹ kí wọ́n dúró. Wọn á jó o tán.

Bóyá kì í ṣe èmi nìkan ni wọ́n ń sọ. Bóyá ọ̀rọ̀ ara wọn ló jáde lẹ́nu wọn, tó sì bọ́ lé mi lórí. Inú tó ń bí mi rọ̀ díẹ̀ nígbà tí mo ro ìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n mi tí mo sọ ọ́ fún lórí fóònù ní rere ni. Ó ní wọ́n rí i pé mo máa gòkè ni, pé màá di ẹni tó ń yẹ iṣẹ́ àwọn ẹlòmíì wò, màá sì di ẹni tó ní ọ́fíìsì. Ó ń dunnú fún mi. Mo ní ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n kò dùn mọ́ mi. Èé ṣe tó jẹ́ pé bí ọwọ́ èèyàn bá ti dáa sí nǹkan, ohun tí wọ́n ń bá a gbà lérò ni pé kó kúrò nídìí ẹ̀? Nílé alágbẹ̀dẹ láyé àtijọ́, wọn kì í bá ọmọ gbà á lérò pé kó gòkè kúrò nídìí ẹwìrì. Ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ náà ló ti ń di ẹni ńlá. Ní tèmi, wọn ò bí mi síbẹ̀. Mo fi ẹsẹ̀ ara mi rìn dé ibẹ̀ ni. Bóyá ohun tí wọ́n rò nìyẹn, pé ẹni tó fẹsẹ̀ ara ẹ̀ wá á tún lè fẹsẹ̀ ara ẹ̀ lọ. Bó bá jẹ́ ìyẹn ni wọ́n rò, wọn ò mọ̀ mí.

Tàbí wọ́n mọ̀ mí. Èèyàn tó ti wo ọwọ́ mi láti ọjọ́ àkọ́kọ́...

Mo lè béèrè. Bí mo bá béèrè, wọ́n á mọ̀ pé mo fetí kọ́ ọ̀rọ̀ àgbà, àgbà tí kì í sì í tún ọ̀rọ̀ sọ ni wọ́n. Bí mi ò bá béèrè, màá máa gbé e kiri títí ìdánwò NABTEB, ti àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ ọwọ́, fi máa dé, mi ò sì fẹ́ gbé e wọ ibẹ̀.

Ọ̀la, 3G ni, jíjó irin tó dúró lóòró. Irin méjì tó nípọn ní mìlímítà 10, a ti fá etí wọn méjèèjì ní dígírì 30 sílẹ̀, òró ni a sì máa dá a dúró. Láti ìsàlẹ̀ lọ sókè ni mo fẹ́ jó o, géèjì 12, màá bẹ̀rẹ̀ ní áńpíà 75, màá sì máa dúró díẹ̀ ní etí kọ̀ọ̀kan kí iná má baà jẹ ẹ̀gbẹ́ irin wọlé. Lẹ́yìn náà ni wọ́n máa gé e, tí wọ́n á tẹ̀ ẹ́ wò bóyá á là. Ọ̀gá wa fúnra wọn ló máa dúró tì í. Bí kò bá là, màá béèrè lọ́wọ́ wọn níbẹ̀, lójú irin ọ̀hún. Bó bá sì là, màá ṣì béèrè.