Òkúta tó ń gé sí méjì

Aago kan òru ti kọjá kí n tó mọ ohun tó ń gé òkúta inú géèmù mi sí méjì. Oorun ti dá lójú mi pátápátá, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ sílẹ̀.

Èmi náà ni mo ṣe géèmù yìí fún kọ̀ǹpútà ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn. Ọkọ̀ òfuurufú kékeré kan wà nísàlẹ̀, òkúta ń já bọ̀ láti òkè, kí èèyàn yẹ̀ wọ́n tàbí kó yìnbọn fọ́ wọn. Mo ya àwọn àwòrán rẹ̀ ní píksẹ́lì (àwọn àmì tó ń para pọ̀ di àwòrán) gbàgàdà-gbàgàdà bíi tayé àtijọ́, ṣùgbọ́n ìrísí lásán nìyẹn, kọ̀ǹpútà ò tiẹ̀ mọ̀ pé ẹrù wà lórí òun. Orí Game Boy gan-an ni mo ń gbé e lọ báyìí, ẹ̀rọ géèmù àfọwọ́mú ọdún 1989: píksẹ́lì 160 ní ìbú, 144 ní òró, àwọ̀ mẹ́rin láti èyí tó mọ́ dé èyí tó dúdú, mẹ́mọ́rì iṣẹ́ kìlóbáìtì (KB) 8 péré. Àwòrán ìbẹ̀rẹ̀ géèmù mi ti kọ̀ǹpútà nìkan tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi lé àṣìṣe náà. Apá ọ̀tún òkúta kan á ṣàdédé lọ, apá òsì á kù. Nígbà mìíràn odindi òkúta á pòórá, síbẹ̀ tí ọkọ̀ bá kan ibi tó wà, ọkọ̀ á fọ́. Ìyẹn ló dùn mí jù, kí ohun téèyàn ò rí máa pa á. Mo fura sí ìṣirò mi, torí ẹ̀rọ yìí ò ní àṣẹ fún ìsọdipúpọ̀, ọwọ́ ni mo fi tún gbogbo rẹ̀ ṣe. Mo tú u palẹ̀, mo tún un tò. Kò sí nǹkan tó ṣe é.

Lálẹ́ yìí ni mo wá kíyè sí i pé ìgbà tí mo bá yìnbọn ni òkúta máa ń gé. Mo dá géèmù dúró síbẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Sprite kan, ìyẹn àwòrán kékeré tí ẹ̀rọ lè gbé kiri lójú rẹ̀, ò fẹ̀ ju píksẹ́lì 8 lọ, nítorí náà ọkọ̀ gba méjì, òkúta kọ̀ọ̀kan gba méjì. Ọkọ̀ pẹ̀lú òkúta mẹ́rin, mẹ́wàá. Ọta ìbọn sọ ọ́ di mọ́kànlá. Game Boy lè gbé sprite 40 lójú lẹ́ẹ̀kan, ṣùgbọ́n mẹ́wàá péré ló lè yà lórí ìlà píksẹ́lì kan. Èyí tó gbẹ̀yìn nínú ètò, ó pa á tì. Apá ọ̀tún òkúta mi ló gbẹ̀yìn.

Àwọn tó ń ṣe géèmù nígbà náà ní ọgbọ́n kan: wọ́n á máa yí ètò sprite padà ní fírémù kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ìgbà kọ̀ọ̀kan tí ẹ̀rọ bá tún ojú rẹ̀ yà, kí ìyà má baà jẹ ẹyọ kan ṣoṣo. Fírémù ń lọ tó 60 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, òkúta ò ní pòórá mọ́, á kàn máa ṣẹ́jú. Mo fi ọkọ̀ sí iwájú kí ó má yí, mo yí ìyókù. Bí mo ṣe rí i tó ń ṣẹ́ wìrìwìrì báyìí, mo rántí ìgbà èwe mi. Mo rò nígbà náà pé bátìrì ló ń kú.

Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ fi ṣíṣẹ́jú yìí bo iṣẹ́ tí mi ò ṣe dáadáa. Ní ìpele kẹta, òkúta mẹ́jọ ló ń já bọ̀ lórí ìlà kan náà, kìkì nítorí pé kọ̀ǹpútà lè gbé wọn. Mo tò wọ́n bí àtẹ̀gùn, bí ọ̀kan ṣe ń wọlé ni èkejì ń tẹ̀ lé e. Ojú ẹsẹ̀ ni ọ̀nà là láàárín wọn, ọ̀nà téèyàn gbọ́dọ̀ ti rí kó tó kó sí i. Kò sí irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ nínú ti kọ̀ǹpútà rárá. Ó ká mi lára pé mo ti fún àwọn èèyàn ní èyí tí kò ní ọ̀nà.

Mo gbé e sórí káàtíríìjì, mo fi sínú ẹ̀rọ. Ojú rẹ̀ ò ní iná, mo ní láti gbé e sábẹ́ iná tábìlì. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo kú kí n tó la ìpele kẹta já. Ohùn ló kù. Ikànnì mẹ́rin ló wà, ariwo lásán ni ọ̀kan nínú wọn, òun ni mo máa lò fún òkúta tó bá fọ́.