Okùn tí mo so mọ́ ẹ̀wù Àkànní

Iṣẹ́ aṣọ ni mo ń ṣe. Ṣọ́ọ̀bù mi wà ní Sángo nílùú Ìbàdàn, lápá ibi tí ẹ ó gbà tí ẹ bá ń bọ̀ láti Mọ́kọ́lá. Bí mo bá ti wo aṣọ lára èèyàn, ojú mi á ti rí ibi tó fẹ̀ jù àti ibi tó fún. Ìdí nìyẹn tó fi ń dùn mí títí dòní pé lọ́jọ́ tó yẹ kí ojú yìí wúlò fún mi jù lọ, mi ò tẹ̀lé ohun tó sọ fún mi. Mo wo ẹ̀wù tí ọmọ mi wọ̀ wọ ọkọ̀ ojú omi, mo rí i pé ó tóbi, mo sì sọ lọ́kàn mi pé á lè wọ̀ ọ́ di ọdún tó ń bọ̀, gẹ́gẹ́ bí a ti máa ń sọ tí a bá ń ra yunifọ́ọ̀mù ilé ìwé.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ń gbé nítòsí Ẹlẹ́yẹlé, wọ́n sì ní ọkọ̀ onípákó tí wọ́n fi ń pẹja. Bọ̀dá ni mo ń pè wọ́n. Odò Ọ̀nà ni wọ́n sé ní 1942 tó di omi ńlá Ẹlẹ́yẹlé yìí, kí ìgboro lè rí omi ẹ̀rọ mu. Epìyà àti àrọ̀ wà nínú rẹ̀, ọ̀pọ̀ apẹja sì ń jẹun níbẹ̀. Gbogbo ìgbà tí a bá lọ kí Bọ̀dá ni Àkànní, ọmọ mi ọkùnrin, máa ń jókòó tì wọ́n tí wọ́n bá ń tún àwọ̀n ṣe, tí á máa béèrè ìbéèrè tí kò lópin. Nígbà tó ku díẹ̀ kó pé ọmọ ọdún méje, ó ní òun ò fẹ́ kéèkì. Ó ní òun fẹ́ lọ pẹja.

Màmá mi ò fẹ́ gbọ́ ọ rárá, mi ò sì lè dá wọn lẹ́bi. Ẹ̀gbẹ́ odò Ògùnpa ni agboolé wọn wà. Wọ́n wà nílé lọ́jọ́ Sọ́ńdè, ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, tí òjò rọ̀ rọ̀ rọ̀ tí Ògùnpa fi kúrò lójú ọ̀nà rẹ̀, tó ń wó ilé, tó ń gbé èèyàn lọ. Wọ́n rí ohun tí wọn kì í fẹ́ sọ tán. Títí dòní, bí òjò bá ti pẹ́ lóru, Màmá á dìde, wọ́n á jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, bàtà á ti wà lẹ́sẹ̀ wọn. Nínú ilé tí mo ti dàgbà, sísá la máa ń sá fún omi. Ẹnikẹ́ni ò kọ́ wa bí a ṣe ń bá a gbé. Mo bí ọmọ méjì láìmọ̀ ọ́n lúwẹ̀ẹ́.

Ṣùgbọ́n mo rò ó. Ọmọ tí a bá fi ìbẹ̀rù nìkan lé kúrò létí omi, ó ń bọ̀ wá yọ́ lọ síbẹ̀ pẹ̀lú ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ tí kò ní sí àgbà kankan níbẹ̀. Ó sàn kí n mú un lọ fúnra mi.

A lọ ní Sátidé kan nínú oṣù kọkànlá. Mo ti ra láífù-jákẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ọsàn, ẹ̀wù tó ń mú èèyàn léfòó, fún un lọ́jà. Ẹ̀wù omi ni Àkànní ń pè é, orúkọ yẹn la sì wá ń lò nílé. Bọ̀dá wà ní ìdí ọkọ̀ pẹ̀lú àjẹ̀ wọn, mo wà láàárín, Àkànní wà níwájú mi. Àṣìṣe tí mo ṣe ni pé mo gba ìwọ̀ tèmi náà. Mi ò pẹja rí, inú mi dùn, mo fẹ́ dán an wò. Kò pẹ́, nǹkan fa okùn mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fà á, ojú mi wà nínú omi, mo ń pariwo pé, "Bọ̀dá, ẹ wò ó, ẹ wò ó!"

Àkànní náà fẹ́ wò ó. Ó dìde dúró.

Ìró tí mo gbọ́ kò pọ̀ ju ìgbà tí wọ́n ju ọsàn kan sínú garawa omi. Nígbà tí mo fi máa gbójú sókè, iwájú mi ti ṣófo. Ẹ̀wù omi léfòó lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọmọ ń yọ̀ lọ sísàlẹ̀ nínú rẹ̀. Ọrùn ẹ̀wù ti gòkè dé etí rẹ̀, apá rẹ̀ méjèèjì nà sókè, ẹnu rẹ̀ wà lábẹ́ omi. Kò ké. Mo ti máa ń rò pé ẹni tó bá ń rì á máa pariwo, pé a óò gbọ́. Ẹnu tí ọmọ fẹ́ fi mí gan-an ni omi ń gbà wọlé, kí ni yóò wá fi ké? Ká ní mo ṣì kọjú sí ẹja mi ni, etí mi kì bá tí sọ nǹkan kan fún mi.

Bọ̀dá ò dìde. Bí wọ́n ṣe wà ní ìjókòó ni wọ́n fi àjẹ̀ yí ọkọ̀, wọ́n di ẹ̀wù náà mú léjìká, ẹ̀wù sì ń bọ̀ lọ́wọ́ wọn láìsí ọmọ nínú rẹ̀. Wọ́n jù ú sílẹ̀, wọ́n mú ọwọ́ Àkànní. Wọ́n ní, "Ìyàwó, fara ti ọ̀hún!" Mo tẹ̀ sí apá kejì kí ọkọ̀ má bàa dojú dé, wọ́n sì fà á wọlé. Gbogbo rẹ̀ kò tó àkókò tí mo fi ń ti òwú bọ ojú abẹ́rẹ́.

Ó ń wúkọ́, ó ń sunkún, mo sì ń dúpẹ́ pé mo gbọ́ ẹkún. Nígbà tí a dé èbúté, obìnrin kan ń sọ pé ká gbé e sókè, ká dorí rẹ̀ kodò kí omi lè dà jáde. Èmi náà ti fẹ́ ṣe é. Bọ̀dá ò gbà. Ilé ìwòsàn la gbé e lọ, wọ́n fi ojú sí mímí rẹ̀ títí di alẹ́, nítorí pé omi tó bá ti wọ ẹ̀dọ̀fóró lè dá wàhálà sílẹ̀ lẹ́yìn wákàtí díẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ló wá là mí lóye lọ́sẹ̀ náà. Dídorí ọmọ kodò ń fi àkókò ṣòfò ni, ó sì lè mú kí èébì há a lọ́fun. Bí ọmọ bá ń mí, ẹ bọ́ aṣọ tútù, ẹ fi aṣọ gbígbẹ bò ó, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà. Bí kò bá mí, ẹ tẹ́ ẹ gbalaja sórí ilẹ̀ líle, ẹ gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè, ẹ dí i nímú, ẹ fi ẹnu yín bo ẹnu rẹ̀, kí ẹ fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́ẹ̀márùn-ún. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ọwọ́ tẹ àárín àyà rẹ̀ nígbà 30, kí ẹ fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ tún padà sí títẹ̀. Ẹ má dáwọ́ rẹ̀ dúró títí olùrànlọ́wọ́ á fi dé. Kí ẹlòmíì pe 112 lásìkò tí ẹ ń ṣe èyí. Ó fi ìrọ̀rí kọ́ mi, mo sì ṣe é títí apá fi ń ro mí.

Ní alẹ́ Mọ́ńdè, mo tẹ́ ẹ̀wù omi yẹn sórí tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ. Ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ka ohun tí wọ́n kọ sínú ọrùn rẹ̀: kílò 30 sí 50. Àkànní kò ju kílò 22 lọ. Ọjọ́ orí ni mo sọ fún ẹni tó tà á fún mi, ọjọ́ orí ló sì fi gbé e fún mi, bẹ́ẹ̀ ìwọ̀n ara ni wọ́n fi ń yan án. Mo fi abẹ́ tú ojú rírán rẹ̀. Fóòmù ìrọ̀rí lásán ló wà nínú rẹ̀! Mo gé díẹ̀, mo jù ú sínú abọ́ omi. Ó kọ́kọ́ léfòó. Nígbà tí mo fi máa pa ṣọ́ọ̀bù dé, ó ti mu omi yó, ó ti wà nísàlẹ̀ abọ́. Mo jókòó ti abọ́ yẹn fún ìgbà pípẹ́.

Mo wá èyí tó bá ìwọ̀n rẹ̀ mu, 20 sí 30, tí fóòmù rẹ̀ le tí kì í fa omi, tó ní fèrè lẹ́gbẹ̀ẹ́ àyà àti okùn líle lẹ́yìn ọrùn tí àgbà lè fi gbé ọmọ. Kò ní okùn tó ń gba àárín ẹsẹ̀. Ibi tí ọgbọ́n iṣẹ́ mi ti wúlò nìyí. Mo gé okùn àpò ilé ìwé, irú èyí tó fẹ̀ bí ìka méjì, mo fi ìdè oníke sí i lẹ́nu, mo rán an yí bẹ́líìtì ìdí ẹ̀wù náà po níwájú àti lẹ́yìn. Mi ò ki abẹ́rẹ́ bọ ibi tí fóòmù wà rárá, torí ibi tí abẹ́rẹ́ bá ti dá lu ni omi lè máa gbà wọlé. Mo rán òwú rẹ̀ ní ìlọ́po mẹ́rin. Lẹ́yìn náà, mo wọ̀ ọ́ fún Àkànní, mo dè é, mo ki ọwọ́ bọ ejìká ẹ̀wù méjèèjì, mo sì gbé e sókè. Ọmọ tẹ̀ lé ẹ̀wù. Àgbọ̀n rẹ̀ kò wọlé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin òbí, bí ẹ bá gbé ejìká ẹ̀wù tí etí ọmọ yín wọ inú rẹ̀, ẹ má wọkọ̀.

Kó tó di pé a padà sí Ẹlẹ́yẹlé, a lọ sí òtẹ́ẹ̀lì kan tó ní omi ìwẹ̀, a sanwó, mo dúró sínú omi tó dé mi ní ìdí, mo sì ní kí Àkànní dùbúlẹ̀ sẹ́yìn nínú ẹ̀wù rẹ̀. Ó kọ́kọ́ di ọrùn mi mú. Nígbà tó yá, ó jù mí sílẹ̀. Ó wo ojú sánmà, ó ní, "Màámi, ó ń gbé mi." Lọ́jọ́ yẹn náà ni èmi àti òun bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ lílúwẹ̀ẹ́.

Ní ilé, mo tẹ́ ẹní sílẹ̀ pé ọkọ̀ nìyẹn. Gbogbo wa jókòó sínú rẹ̀, àti Àbẹ̀kẹ́, ọmọ ọdún mẹ́rin. Bí mo bá pariwo "Ẹja!", ẹni tí ìdí rẹ̀ bá kúrò lórí ẹní ti ṣubú sómi. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko la fi ṣe é, títí tó fi di pé mo lè gbé ẹran gba iwájú Àkànní kọjá kó má dìde.

Lóṣù kìíní la padà. Ọyẹ́ ti lọ sílẹ̀ díẹ̀, omi dákẹ́ rọ́rọ́. Àárọ̀ ni Bọ̀dá máa ń fẹ́ kí ọmọ wà lórí omi, torí ọ̀sán ni ìjì máa ń jà, pàápàá láti oṣù kẹta tí òjò bá ń bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá ti gbọ́ àrá, bó ti wù kó jìnnà tó, wọ́n ti yí orí ọkọ̀ sí èbúté. Èèyàn mẹ́rin ni wọ́n lè gbé, wọn ò jẹ́ ká ṣe márùn-ún. Inú ọkọ̀ nísàlẹ̀ la jókòó sí, a ò jókòó sórí pákó, ọkọ mi sì ń fi igbá gbọ́n omi tó ń wọlé. Gbogbo wa wọ ẹ̀wù omi, títí kan Bọ̀dá tí wọn kò wọ̀ ọ́ rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti ń pẹja. Mo bẹ̀ wọ́n lórí ìkúnlẹ̀ nítorí ọmọ ń wo ohun tí àgbà ń ṣe.

A mú akẹtẹ̀ kan dání. Ẹni tó bá dé e, iṣẹ́ kan ṣoṣo ló ní: kó máa wo Àkànní. Kò gbọdọ̀ mú ìwọ̀, kò gbọdọ̀ gbé fóònù láti ya fọ́tò ẹja. Bó bá rẹ̀ ẹ́, á bọ́ ọ fún ẹlòmíì, ẹni yẹn á sì sọ ọ́ jáde pé, "Ojú ti kúrò lọ́dọ̀ yín, ó ti wà lọ́dọ̀ mi." Nínú gbogbo ohun tí a ń ṣe, èyí ni mo gbà pé ó ṣe pàtàkì jù. Ẹ̀wù omi ń fún yín láyè díẹ̀. Ojú ló ń rí i pé ọmọ ti bọ́.

Ìwọ̀ Àkànní, Bọ̀dá ti fi púláyà tẹ ẹ̀gún kékeré tó wà lẹ́yìn ẹnu rẹ̀ pa, kó lè ṣeé fà yọ bó bá wọ ìka. Ẹja kan tàbí méjì ń bọ́ lọ nítorí rẹ̀. Kí wọ́n máa lọ. Àrọ̀ ní ẹ̀gún líle méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí, nítorí náà àgbà nìkan ló ń fọwọ́ kàn án. Gbígbé la máa ń gbé ọmọ láti ilẹ̀ gbígbẹ wọ ọkọ̀, a kì í jẹ́ kí wọ́n ti ẹsẹ̀ bọ omi etí bèbè, torí kòkòrò àtọ̀sí ajá tó ń mú ọmọ tọ ẹ̀jẹ̀, ara ìgbín inú omi ló ti ń jáde, ó sì ń gba awọ ara wọlé.

Àwọn kan sọ fún mi pé mo ń bẹ̀rù jù, pé Ọlọ́run ló ń ṣọ́ni. Mo ń gbàdúrà ká tó wọkọ̀. Lẹ́yìn àmín, mo tún máa ń fa okùn wò.

Lọ́jọ́ yẹn Màmá bá wa lọ, wọ́n ní àwọn ò ní wọ ọkọ̀ kankan, èbúté làwọn óò jókòó sí pẹ̀lú Àbẹ̀kẹ́. Àbẹ̀kẹ́ náà wọ ẹ̀wù omi tirẹ̀ lórí ilẹ̀, Màmá sì di ọwọ́ rẹ̀ mú. Nígbà tí a fẹ́ gbé Àkànní wọlé, Màmá ní ká dúró. Wọ́n tẹ̀ síwájú, wọ́n ki ìka méjèèjì bọ ejìká ẹ̀wù rẹ̀, wọ́n sì fà á sókè pẹ̀lú gbogbo agbára àgbàlagbà tó wà lára wọn. Kò yẹ̀. Wọ́n tún fà á. Wọ́n fi ọwọ́ pa ojú rírán tí mo rán sí ìdí rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, bí wọ́n ti máa ń ṣe nígbà tí mo ṣì ń kọ́ṣẹ́.

Wọ́n ní, "Ẹ máa lọ. Ẹ má jìnnà."

A ò jìnnà. Epìyà mẹ́ta àti àrọ̀ kan la pa, ó kù díẹ̀ kí aago mẹ́wàá lù la ti wà nílẹ̀. Màmá ló se ẹja náà.